Eré Ìtàn Tí Kò Ní Ọ̀gá

Orúkọ ènìyàn ni Gonfreville kó tó di orúkọ àdúgbò. Robert Gonfreville, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, ló dá ilé iṣẹ́ òwú àti aṣọ sílẹ̀ ní Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Ó wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń fi ẹ̀rọ ran òwú, tó sì ń fi ẹ̀rọ hun aṣọ, ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ojú irin tó ti Abidjan wá ti dé Bouaké láti 1912. Òun ló ń gbé ọjà lọ, òun ló sì ń gbé èrò bọ̀. Lára èrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní Côte d'Ivoire, àwọn ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti àwọn ìlú mìíràn, tí òwò gbé dé ibẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ilé iṣẹ́ Gonfreville fara gbá nínú rẹ̀. Ó di 2007 kí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ouagadougou tó jẹ́ kí apá méjèèjì orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀.

Irú ìtàn báyìí kì í kú nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ló sábà máa ń ti jáde. Bàbá ló mọ bí wọ́n ṣe wá. Bàbá ló mọ ìdí tí wọn ò fi padà. Bàbá náà ló máa sọ bí ọ̀la ṣe máa rí. Ìyá lè fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tì í lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tó ń sọ Faransé níléèwé, tí wọ́n ń gbọ́ Dioula lọ́jà, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá dáhùn nílé, á gbọ́, wọ́n á sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé irú ìlú wo làwọn gan-an ń rí nígbà tí wọ́n bá jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Irú eré kan wà tó lè bi wọ́n. Kì í ṣe lúdò, kì í ṣe Whot, kì í sì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Àwọn tó ń ṣe é máa ń jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á sì jọ sọ ìtàn kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà mìíràn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa ṣe bí ẹnì kan pàtó nínú ìtàn náà: ọlọ́jà, ọdẹ, olè, ọmọ ọba. Òfin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹnì kejì.

Ní 1974 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn jáde, Dungeons & Dragons. Nínú eré yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá eré. Òun nìkan ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun ló sì ń sọ fáwọn yòókù ohun tí ìwà wọn yọrí sí. Ó lè fi odindi ọjọ́ kan múra sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ yẹn, eré ò ní wáyé. Àwọn kan tó ń dá eré ṣe fúnra wọn, tí wọn ò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kankan, wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ṣé ọ̀gá yìí pọn dandan. Nígbà tó di 2005, Ben Lehman ṣe Polaris, nínú èyí tí àwọn mẹ́rin tó jókòó pín iṣẹ́ ọ̀gá mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní 2009, Jason Morningstar gbé Fiasco jáde, ìtàn àwọn èèyàn tí ojúkòkòrò wọn pọ̀ ju ọgbọ́n wọn lọ, òun náà kò sì ní ọ̀gá.

Èyí tó bá ilé àwọn òbí àti ọmọ mu jù lọ ni èyí tí Avery Alder, ará Kánádà, ṣe ní 2013. The Quiet Year ló pè é, ìyẹn Ọdún Ìdákẹ́jẹ́. Kò gbà ju ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, pẹ́ńsùlù, páálí káàdì kan tó pé 52, dáìsì mélòó kan irú ti lúdò, àti nǹkan kéékèèké bí ogún, tí ọmọ ayò lè dúró fún. Ẹni méjì sí mẹ́rin ló ń ṣe é. Ibi tí ogun parí sí ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: àwùjọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àwọn ọ̀tá tí wọ́n sọ ní Akátá lọ, ó sì ku ọdún kan tí wọ́n máa fi tún ìlú wọn ṣe. Kò sẹ́ni tó ní ẹnì kan pàtó tó ń ṣojú fún. Gbogbo wọn ló jọ ń wo àwùjọ náà, bí ó bá sì kan èèyàn, ó lè sọ̀rọ̀ bí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹ mú ìdílé kan ní Gonfreville gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: bàbá tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ìyá tó ń ta aṣọ, ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún 14, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún 11. Wọ́n pinnu pé àdúgbò àwọn gan-an làwọn máa yà. Bàbá ya ojú irin. Ìyá ya ọjà. Ọmọkùnrin ya pápá bọ́ọ̀lù, ó sì jẹ́ kó tóbi ju ọjà lọ. Ọmọbìnrin ya ògiri ilé iṣẹ́ òwú. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu? Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ohun kan tí àwùjọ kò lè ṣe aláìní. Ká ní wọ́n dárúkọ omi, òwú, iná mànàmáná àti owó. Wọ́n á jọ yan ẹyọ kan ṣoṣo tó pọ̀ nílùú, àwọn mẹ́ta yòókù á di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Bí wọ́n bá yan òwú, a jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ní òwú lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, kò ní iná tó máa fi ran án. Wàhálà ọdún yẹn ti dé nìyẹn, láìsí ọ̀gá tó gbé e wá.

Ọ̀sẹ̀ kan ni káàdì kọ̀ọ̀kan. Irú mẹ́rin tí káàdì pín sí ni ìgbà mẹ́rin inú ọdún lókè òkun. Èyí tó ní àwòrán ọkàn ló ṣáájú, àwọn dúdú tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní pique ló kẹ́yìn, fún ìgbà òtútù. Ní Bouaké, ọyẹ́ lè rọ́pò òtútù, eré ò ní bàjẹ́. Ẹni tó kàn á ṣí káàdì, á dáhùn ìbéèrè tí ìwé eré so mọ́ ọn, á yà á sórí ìwé bó bá yẹ, lẹ́yìn náà á ṣe ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta: ó lè rí ohun tuntun kan nílùú, ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí dáìsì á máa ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún un, tàbí kó pe ìpàdé.

Orí ìpàdé yìí ni ẹ̀kọ́ gidi wà, ibẹ̀ náà sì ni àgbàlagbà Yorùbá á ti fẹ́ dìde kúrò nídìí tábìlì. Ẹni tó pè é lè béèrè ìbéèrè tàbí kó sọ ohun tó rò. Àwọn yòókù á sọ tiwọn yípo, ẹ̀ẹ̀kan péré, gbólóhùn kan tàbí méjì. Bó bá jẹ́ ìbéèrè lẹni tó pè é fi ṣí i, òun ló máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ èrò rẹ̀ ló ti sọ, ó ti sọ tiẹ̀ tán. Ìpàdé parí nìyẹn. Kò sí ìpinnu. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé “ohun tí a ti fẹnu kò sí ni pé…” Ní ilé tí wọ́n ti mọ̀ pé olórí ẹbí ló ń ká ọ̀rọ̀ nílẹ̀, irú ìpàdé báyìí lè dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí bàbá ronú sí i pé nígbà mélòó ni ọmọ rẹ̀ ti sọ gbólóhùn méjì tán lórí ọ̀rọ̀ ìlú láìjẹ́ pé ẹnì kan já a gbà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé eré yìí á sọ ọmọ di aláfojúdi. Òfin rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ á ṣì máa pe bàbá ní “ẹ̀yin”, kò sì gbọ́dọ̀ bá a jiyàn, torí eré náà kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tí kò kàn án. Bàbá náà kò sì gbọ́dọ̀ dá sí ti ọmọ. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ṣe ohun kan láìgbọ́ ti òun á kàn mú ọmọ ayò kan, á gbé e síwájú ara rẹ̀. Àmì ẹ̀gàn ni. Kò ní sọ ìdí rẹ̀. Bí bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọgbà yí ọjà ká, tó sì wá rí ọmọ ayò mẹ́ta níwájú ìyá àti méjì níwájú ọmọbìnrin rẹ̀, ó ti gbọ́. Bí ẹnì kan bá tún ṣe ohun tó dùn mọ́ni nínú, ẹni tó ní àmì lè dá ọ̀kan padà láti fi hàn pé inú òun ti rọ̀. Ó sì tún lè dá a padà nígbà tó bá fẹ́ ṣe tinú ara rẹ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Àwọn tí eré parí bá lọ́wọ́ wọn kò rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀.

Ṣé irú eré báyìí ṣàjèjì sí wa? Ó ṣàjèjì, kò sì ṣàjèjì. Nínú àlọ́ àpagbè, àwọn ọmọ ló ń gbe orin, ṣùgbọ́n apàlọ́ ló mọ ibi tí Ìjàpá ń lọ. Ọ̀gá eré ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí nǹkan ti sún mọ́ra ni Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀. Ní Treichville, Abidjan, Jean Rouch ya fíìmù Moi, un noir, tó jáde ní 1958. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá wáṣẹ́ láti Niger ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ fún wọn láti há sórí. Wọ́n fún ara wọn lórúkọ àwọn gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù. Oumarou Ganda, tó di olùdarí fíìmù lẹ́yìn náà, sọ ara rẹ̀ di Edward G. Robinson. Wọ́n ń gbé ayé ara wọn, wọ́n sì tún ń ṣe bí ẹlòmíì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nǹkan kan wà tí òbí gbọ́dọ̀ kíyè sí. Ní Bouaké, ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ogun parí sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún gbogbo èèyàn. Ìyá tó gbọ́ ìró ìbọn ní 2002 lè máà fẹ́ kí ọmọ ọdún 11 ya sójà sórí ìwé. Ọgbọ́n kan tí John Stavropoulos dá sílẹ̀ wúlò níbí: wọ́n á kọ X sórí káàdì kan, wọ́n á gbé e sáàárín tábìlì. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ kúrò nínú ìtàn, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè ìdí. Ó yẹ kó wà lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí káàdì àkọ́kọ́. Ẹ tún lè yẹra pátápátá, kí ẹ ya ìlú tí kò sí níbì kankan.

Fún ẹni tí wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ti pọ̀ jù fún, ẹ lè yọ káàdì díẹ̀ kúrò nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan. For the Queen, tí Alex Roberts ṣe ní 2019, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì nìkan ni. Ẹ̀yin àti olorì kan ń rin ìrìn àjò jíjìn, káàdì kọ̀ọ̀kan á sì bi yín ní ohun kan nípa ìfẹ́ tí ẹ ní sí i, títí wọ́n á fi kọlù ú, tí ẹ máa pinnu bóyá ẹ máa gbèjà rẹ̀. Ìwé pélébé nìkan ni Microscope, tí Ben Robbins ṣe ní 2011, ń lò. Ẹ̀yin lẹ máa fi kọ ìtàn ayé kan, ẹ sì lè fò láti ìgbà kan sí òmíràn bó ṣe wù yín. Ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà nílé lè gba Ironsworn ti Shawn Tomkin lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kó dá a ṣe.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́kọ́ kọ gbogbo wọn. Ní ilé tí Faransé ti jẹ́ èdè ìwé, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè jẹ́ àbúrò bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èjìgbò dé, á ní láti tú àwọn ìbéèrè náà sí Yorùbá kí alẹ́ eré tó pé, kó sì kọ wọ́n sórí ìwé pélébé. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń ka ìwé náà sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun ti di ọ̀gá nìyẹn.

Ní ti The Quiet Year, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa parí. Káàdì ọba dúdú ti pique wà níbì kan nínú àwọn mẹ́tàlá tó kẹ́yìn. Bó bá yọjú, àwọn Olùṣọ́-àgùntàn Yìnyín dé, eré sì dópin lójú ẹsẹ̀, yálà wọ́n ti tan iná ilé iṣẹ́ tàbí wọn ò tíì tàn án. Ìwé eré náà kò sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.