Ṣé Iná Fóònù Ló Ń Sọ Awọ Ojú Di Arúgbó?

Ṣé lóòótọ́ ni pé fóònù tí à ń tẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́ lè mú kí ojú tètè hunjọ?

Iná búlúù ń jáde lójú fóònù àti kọ̀ǹpútà, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ti oòrùn ju tiwọn lọ fíìfíì. Beiersdorf, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe Nivea, ní kéèyàn jókòó ti kọ̀ǹpútà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan láìdìde, kò ju kó dúró sóòrùn ọ̀sán ìlú Hamburg fún ìṣẹ́jú 1 lọ. Ẹ wá wo oòrùn Ìbàdàn!

Kí ló wá ń ba awọ jẹ́? Ìtànṣán ultraviolet inú oòrùn ni. Òun ló ń já kọ́lájìn, okùn tó mú kí awọ le. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lójú fóònù rárá.

Mẹ́lánínì ń gba àwa aláwọ̀ dúdú díẹ̀, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè fi àbàwọ́n dúdú sí wa lójú. Sunscreen tó ní àwọ̀ bíi páńkéèkì, tí wọ́n fi iron oxide sí, ló ń dènà ìyẹn jù.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó náwó sórí ìpara tí wọ́n ní ó ń lé iná fóònù, ẹ kọ́kọ́ ra sunscreen SPF 30, kẹ́ ẹ sì dé akẹtẹ̀.