Iná LED àti Koríko Òkun Nínú Àpótí Iyùn

Koríko òkun kì í ṣe koríko ní ti gidi. Kò ní gbòǹgbò tó ń fa oúnjẹ láti inú ilẹ̀, kì í yọ òdòdó, kì í so èso. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń mu oúnjẹ nínú omi tó yí i ká, ìmọ́lẹ̀ ló sì fi ń se é. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin ẹja àti iyùn nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀ fi ń gbìn ín: ohun tó jẹ́ ẹ̀gbin fún ẹja ni oúnjẹ tirẹ̀.

Iyùn tí àwọn ọba fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ jẹ́ egungun tí àwọn ẹran omi kéékèèké tó ń gbé pọ̀ mọ fún ara wọn. Irú tí wọ́n ń sìn nínú àpótí yàtọ̀ sí ti ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì kórìíra omi ìdọ̀tí. Nínú òkun, ìgbì ń gbé ẹ̀gbin lọ. Nínú àpótí tí kò gbà ju lítà 60 lọ, níbo ni yóò gbà? Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù a jẹrà di amóníà, tó lè pa ẹja. Àwọn kòkòrò àìrí tó ń gbé lára òkúta a sọ amóníà di nítíráìtì, wọn a tún sọ nítíráìtì di nítíréètì, ibẹ̀ ni ìrìn náà sì máa ń parí sí. Fọ́sífeètì náà ń ti inú oúnjẹ wá, òun náà kò rí ọ̀nà jáde. Bí méjèèjì bá ti pọ̀ jù, nǹkan yíyọ̀ aláwọ̀ ewé a bo gíláàsì, a bo òkúta, a sì fún iyùn lọ́rùn. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan sí, èpò ló máa jogún rẹ̀. Ẹni tó bá gbin koríko tó wù ú síbi tó wù ú ti gba oúnjẹ lẹ́nu èpò nìyẹn.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní gbangba ní etíkun Gánà. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun pẹ̀lú oúnjẹ, oòrùn a pàdé rẹ̀, ewé inú omi a hù, ẹja a sì pọ̀ fún àwọn apẹja. Láti 2011 ni koríko aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sargassum ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu. George Lawson, onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Gánà ní Legon, àti David John ṣe ìwé kan jáde ní 1982 lórí àwọn koríko òkun agbègbè yìí. Lára irú tó wọ́pọ̀ lórí òkúta etíkun Gánà ni Ulva, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀rá tútù, àti Chaetomorpha, tó rí bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n Krofrom, níbi tí ẹnì kan lè fẹ́ sin iyùn, kò sí létí òkun. Àdúgbò kan ni ní Kùmásí, ìlú inú igbó tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá fi ṣe ilé kí òfin tí ìjọba Gánà gbé jáde lórí àwọn àjèjì ní 1969 tó lé wọn. Ọ̀nà tó wà láàárín Kùmásí àti Cape Coast ju kìlómítà 200 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sin iyùn ní Krofrom ní láti rọ omi òkun sínú jálá aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ará Gánà ń pè ní Kufuor gallon, kó sì rù ú wálé, tàbí kó po omi iyọ̀ fúnra rẹ̀. Gíráàmù iyọ̀ 35 ló ń lọ sí lítà omi kan. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é lò, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n kó láti ọ̀sà Songor ní Ada: iyọ̀ lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyùn sì nílò kálísíọ́mù àti magnísíọ́mù tó wà nínú omi òkun gidi. Omi ẹ̀rọ náà ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó po iyọ̀ sí i.

Koríko kì í bá iyùn gbé yàrá kan náà. Ẹja yóò jẹ ẹ́, òun náà yóò sì dá òjìji bo iyùn. Àpótí kékeré kejì ni wọ́n ń ṣe fún un, lábẹ́ èyí àkọ́kọ́ tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀, pọ́ńpù a sì máa gbé omi lọ bọ̀ láàárín méjèèjì. Orí àpótí kejì yìí ni iná LED tirẹ̀ máa ń wà.

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ní gbogbo àwọ̀ òṣùmàrè nínú, ṣùgbọ́n klórófíìlì, ohun tó ń mú ewé ní àwọ̀ ewé, kì í mu wọ́n dọ́gba. Nanomítà ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ aró tó wà nítòsí 430 àti pupa tó wà nítòsí 660 ni klórófíìlì fẹ́ràn jù. Ó máa ń dá púpọ̀ nínú àwọ̀ ewé padà, òun sì ni ojú ènìyàn ń rí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pa LED aláwọ̀ aró ti 450 pọ̀ mọ́ pupa ti 660 nínú iná tí wọ́n ṣe fún ewéko, tí gbogbo àpótí á wá rí bí aṣọ elése àlùkò. Ti iyùn kò rí bẹ́ẹ̀. Omi òkun ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì ní ìwọ̀nba mítà díẹ̀ sí òkè, àwọ̀ aró ló ń wọlé jìn, òun sì ni iyùn mọ̀. Bí wọ́n bá tan iná pupa sórí iyùn, èpò orí gíláàsì ni wọ́n ń bọ́.

Ó pẹ́ kí LED tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Nick Holonyak ti ṣe aláwọ̀ pupa ní 1962, ṣùgbọ́n aláwọ̀ aró tó mọ́lẹ̀ dáadáa kò jáde títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, látọwọ́ Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2014. LED funfun tó wà nínú ilé gbogbo ènìyàn lónìí, aláwọ̀ aró náà ni, tí wọ́n fi ẹ̀bù ìyeyè bò. Ẹni tó bá ra gílóòbù LED funfun lásán lọ́jà, kó gbé e súnmọ́ omi dáadáa, koríko rẹ̀ yóò hù. Owó gọbọi tí àwọn kan ń ná sórí iná elése àlùkò kò pọn dandan fún àpótí kékeré. Àwọn koríko aláwọ̀ pupa bíi Gracilaria tiẹ̀ ń jẹ àǹfààní iná funfun jù, nítorí wọ́n ní èròjà àwọ̀ mìíràn tó ń mu ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé.

Àǹfààní LED tó tóbi jù ní Kùmásí ni pé ooru rẹ̀ kò pọ̀. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ń sọ èyí tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná rẹ̀ di ooru. Òun ni ìjọba Gánà gbógun tì ní 2007, nígbà tí wọ́n pín gílóòbù mílíọ̀nù 6 tí kì í jẹ iná púpọ̀ fún aráàlú láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Iyùn fẹ́ omi tó wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 27; tó bá ti kọjá 30, ó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun nìyẹn. Níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti sábà ń kọjá ìwọ̀n 30, kò sí àyè fún iná tó ń ṣe bí ààrò. LED wáàtì 15 tó tàn fún wákàtí 10 lójoojúmọ́ kò ní jẹ ju yúníìtì iná mẹ́rin ààbọ̀ lọ lóṣù.

Òru ló dára jù láti tan iná koríko. Lọ́sàn-án, iná iyùn wà lórí, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń mu káábọ̀nù-dàí-ọ́ksáìdì. Bí wọ́n bá pa á, gbogbo ohun abẹ̀mí inú omi á máa mí èéfín náà síta, omi á sì máa kan díẹ̀díẹ̀: pH tó jẹ́ 8.3 nírọ̀lẹ́ lè di 7.9 kí ilẹ̀ tó mọ́. Koríko tí iná tàn lé lórí lóru ń kó èéfín yẹn jẹ.

Dumsor, ọ̀rọ̀ Twi tó túmọ̀ sí kí iná kú kó tún tàn, ni ìṣòro ní Kùmásí. Bí iná bá lọ, kì í ṣe iná koríko ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà là. Koríko lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan kí nǹkan má ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn òun náà ń mu ọ́ksíjìn bí ẹja, bí pọ́ńpù bá sì dúró, ẹja lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Pọ́ńpù ni bátìrì wà fún.

Nínú gbogbo wọn, Chaetomorpha tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan ló rọrùn jù. Ó lọ́ mọ́ra bí kàn-ìn-kàn-ìn tútù tó ní àwọ̀ ewé, tí àwọn Asante ń pè ní sapɔ. Caulerpa ń yára hù jù ú lọ, àmọ́ ó lè tú ara rẹ̀ ká sínú omi lóru ọjọ́ kan, kí gbogbo àpótí dà bí omi ògì. Irú rẹ̀ kan, Caulerpa taxifolia, ni wọ́n rí ní etíkun Monaco ní 1984, tó sì tàn káàkiri òkun Mẹditaréníà.

Koríko tó ń hù kò tíì gbé ẹ̀gbin kankan jáde. Ó kàn kó o mọ́ra ni. Ìgbà tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n sì kó o kúrò, ni omi tó mọ́. Ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì ti tó. Bí wọ́n bá jẹ́ kó dí jù, àárín rẹ̀ kò ní rí ìmọ́lẹ̀, yóò jẹrà, yóò sì dá gbogbo ohun tó jẹ padà sínú omi. Ìwádìí tí Atkinson àti Smith gbé jáde ní 1983 fi hàn pé, lápapọ̀, koríko òkun ń lo átọ́ọ̀mù káábọ̀nù 550 àti náítírójìn 30 fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1. Ní ìwọ̀n wíwúwo, èyí túmọ̀ sí pé bó bá gba mílígíráàmù nítíréètì 20, bíi 1 péré ni yóò gbà nínú fọ́sífeètì. Ìdí nìyẹn tí fọ́sífeètì fi ń pẹ́ kó tó lọ sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá sì tán pátápátá, koríko á ṣíwọ́ híhù, á máa funfun. Iná ni wọ́n á dín kù nígbà náà, tàbí kí wọ́n fi kún oúnjẹ ẹja. Èyí tí wọ́n bá gé, ẹja tó ń jẹ ewé lè jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù, wọ́n á fi omi ẹ̀rọ ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n á sì kó o sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.