Ẹni Tí Ó Ni Oko Kọ́ Ni Ó Ni Ilẹ̀: Àlàyé Lórí Àṣẹ-Ìlò Ètò Kọ̀ǹpútà

Nínú àṣà ilẹ̀ àwọn Yorùbá, ohun kan wà tí gbogbo àgbà mọ̀: ẹni tí ó ni oko lè má jẹ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko yóò tọ ìdílé tí ó ni ilẹ̀ lọ; wọn yóò fi ààlà hàn án, òun náà yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó lè lo ilẹ̀ náà títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè máa bá iṣẹ́ lọ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè tà á. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣu àti àgbàdo ni a ní kí ó gbìn, kò lè gbin kòkó láìtún gba àṣẹ, nítorí pé kòkó kì í ṣe ohun tí ń kúrò lórí ilẹ̀ ní ọdún kan. Àṣà yìí ya lílo nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára níní nǹkan. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ náà ti mọ ìdajì ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ àṣẹ-ìlò ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tí ó ti dá ẹjọ́ púpọ̀ sílẹ̀ láàárín òǹtà àti òǹrà lóde òní.

Ètò kọ̀ǹpútà ni àkójọ ìlànà tí ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí yóò ṣe. Òfin Nàìjíríà ti 2022 lórí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà kà á mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ka ìwé ìtàn àti eré onítàn. Síbẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà àti ìwé kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ra ìwé lè kà á láìṣe ẹ̀dà rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n kò sí bí ènìyàn ṣe lè lo ètò kọ̀ǹpútà kí ẹ̀rọ má ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ètò náà, àwọn olùṣe a máa wí pé àwọn kò ta ètò fún ẹnikẹ́ni, pé àṣẹ láti lò ó nìkan ni àwọn ń tà. Inú ìwé àdéhùn gígùn ni àṣẹ yìí máa ń wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Láti inú èyí ni ìbéèrè méjì ti jáde. Bí ẹni tí ó gba àṣẹ kò bá fẹ́ lò ó mọ́, ǹjẹ́ ó lè gbé e fún ẹlòmíràn? Bí olùṣe bá sì mú ètò tuntun jáde, ǹjẹ́ ẹni tí ó ti sanwó fún ti àtijọ́ ní ẹ̀tọ́ sí tuntun? Ilé ẹjọ́ ńlá méjì ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, ohun tí wọ́n sọ kò sì bára mu.

Ti èkíní ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ́ Autodesk ni ó ṣe AutoCAD, ètò tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò. Ní 1999, àwọn ayàwòrán ilé kan gba àṣẹ mẹ́wàá fún èyí tí a ń pè ní Release 14. Àdéhùn wọn sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda Autodesk. Nígbà tí AutoCAD 2000 dé, wọ́n sọ àṣẹ wọn dọ̀tun: dọ́là 495 ni wọ́n san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni tí ó ń gba àṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò san dọ́là 3,750. Ẹ̀dínwó ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó rọ̀ mọ́ ọn: wọ́n gbọ́dọ̀ ba Release 14 jẹ́. Wọn kò bà á jẹ́. Ní 2007 wọ́n ta díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Timothy Vernor, ẹni tí ń ta ọjà lórí eBay. Bí Vernor ti pàtẹ rẹ̀ ni Autodesk fi ẹ̀sùn kàn án, òun náà sì gbé Autodesk lọ sí ilé ẹjọ́.

Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, ní Seattle, dá Vernor láre. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2010, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni a ó wò: bóyá olùṣe sọ gbangba pé àṣẹ-ìlò ni òun fúnni, bóyá ó dí ọ̀nà àtigbé e fún ẹlòmíràn, àti bóyá ó fi ààlà pàtàkì sí bí a ó ti lò ó. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹni tí ó sanwó kò ní ohun kan láti tà. Ní 2011 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà, ìdájọ́ sì dúró bẹ́ẹ̀. Vernor fi owó rẹ̀ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní i. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí.

Èkejì wá láti Yúróòpù. UsedSoft jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì tí ń ra àṣẹ-ìlò lọ́wọ́ àwọn tí kò lò ó mọ́, tí ó sì ń tún un tà. Oracle pè é lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 2012, àwọn adájọ́ sọ pé bí olùṣe bá gba owó lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì fúnni ní àṣẹ tí kò ní ìgbà tí yóò parí, títà ni ó tà, ohun yòówù kí ó pè é. Olùrà lè tún un tà, ì báà jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti gbé ètò náà.

Síbẹ̀, wọn kò ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu. Èkíní, ẹni tí ó bá tà gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ di aláìwúlò. A kì í ta àgbò kí a tún máa so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé ẹni. Èkejì, a kò gbọdọ̀ fọ́ àṣẹ kan sí wẹ́wẹ́. Nígbà náà, fún ènìyàn márùndínlọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ni Oracle ń ta àṣẹ tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yóò ra méjì, ṣùgbọ́n kò lè yọ ààyè tí ó ṣẹ́kù tà kí ó sì máa lo èyí tí ó kù. Ẹ̀kẹta ni ó kan ìsọdọ̀tun: gbogbo àtúnṣe tí òǹtà ti gbà lábẹ́ àdéhùn ìtọ́jú ti di ara ohun tí ó tà, ó sì bá a lọ sọ́dọ̀ òǹrà. Àdéhùn ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kò bá a lọ, nítorí pé iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọjà. Ní 2019, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé ìdájọ́ 2012 kò kan ìwé tí a ń kà lórí ẹ̀rọ. Ètò kọ̀ǹpútà nìkan ni ó wà fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn lásán ni gbọ̀ngàn ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ̀ sí Nairaland láti 2005. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dá irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kì í kọ ètò rẹ̀ fúnra wọn. Wọn a gba àṣẹ láti lo ti ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ tí ó bá rẹ olùdásílẹ̀, tí ó sì ta gbọ̀ngàn náà, ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń yí ọwọ́ padà: orúkọ gbọ̀ngàn, àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti kọ, àṣẹ-ìlò ètò tí ń gbé e ró, àti àṣẹ fún àwọn àfikún kéékèèké tí a so mọ́ ètò náà. Owó tí a san lórí ọ̀kan kò gbé èkejì wá. Olùṣe mìíràn gbà kí a gbé àṣẹ fún òǹrà, òmíràn gbà á bí a bá sanwó, òmíràn kò gbà rárá.

Ìtàn vBulletin fi hàn pé ẹ̀tọ́ sí ìsọdọ̀tun náà lè yẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ní 2000 ni James Limm àti John Percival bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2007 Internet Brands ti Amẹ́ríkà rà á. Ní 2009 àwọn oníbàárà tí ó ti ń san owó ọdọọdún fún àtúnṣe gbọ́ pé vBulletin 4 ń fẹ́ owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú bí wọn gidigidi. Ní 2010 àwọn kan tí ó ti bá wọn kọ ètò náà mú òmíràn jáde, XenForo. Ẹjọ́ tẹ̀lé e, ó sì parí ní 2013. Ìṣákọ́lẹ̀ tí a ti ń san lórí iṣu kò ra àṣẹ kòkó.

Ẹnìkan lè rò pé ètò àtijọ́ tó òun, pé òun kò nílò tuntun. Ewu ń bẹ nínú èyí. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2019, a rí ihò kan nínú vBulletin 5 tí ó jẹ́ kí àjèjì lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ láìní ọ̀rọ̀-ìwọlé kankan. Olùṣe tètè mú àtúnṣe jáde, ṣùgbọ́n fún 5.5.2, 5.5.3 àti 5.5.4 ni, ẹni tí ó wà lẹ́yìn wọn ní láti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ dọ̀tun. Ẹni tí kò ní àṣẹ lórúkọ ara rẹ̀ yóò máa wo olè lójú, kò sì ní rí ẹni tí yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà yìí. phpBB, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2000, àti Discourse, tí ó jáde ní 2013, wà lábẹ́ àdéhùn tí a ń pè ní GPL. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ètò bá dé ọwọ́ rẹ̀ gba àṣẹ tààrà lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Kò sí ìwé tí òǹtà yóò gbé fún òǹrà. Bí ilẹ̀ tí gbogbo ìlú jọ ni ni ó rí. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú rẹ̀ di ọwọ́ ẹni tí ń lò ó.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra gbọ̀ngàn kan, kí ó ka ìwé àṣẹ kí ó tó san owó. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ olùṣe fúnra rẹ̀ bóyá àṣẹ náà ṣeé gbé, kí ìyípadà orúkọ sì wà ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ olùṣe. Kí ó wo ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe yóò parí, kí ó sì bèèrè nípa àfikún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ sọ ètò dọ̀tun, kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo àkójọ ọ̀rọ̀, kí ó dán an wò níbòmíràn, kí ó tó fọwọ́ kan ojúlówó. Ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ọdún mẹ́wàá bára wọn sọ kò ṣeé rà padà bí ó bá sọnù. Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà; ẹni tí yóò dáko sí ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ààlà kí ó tó gbé ọkọ́.