TA NI Ó PE ÈKÚTÉ WÁ SÍ ILÉ WA?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè kéré lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ èkúté ilé ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kà á tán, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ọjà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin ní ìlú Ọ̀yọ́. Ìyá ilé ra elùbọ́, gààrí àti ẹ̀wà níbẹ̀, ó gbé wọn dé ilé, ó sọ àpò kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sì di ẹnu rẹ̀. Nígbà tí a pa fìtílà, tí gbogbo ilé sì sùn, èkúté sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà. Ní òwúrọ̀, ìyá ilé rí ìgbẹ́ rẹ̀ nínú gààrí. Ó fi ìka ṣà á dànù, ó sì bu ìyókù fún àwọn ọmọ láti fi omi tútù mu kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ta ni nínú wa, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò tíì rí irú èyí rí?

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969. Ibà líle kan mú Laura Wine, míṣọ́nnárì tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn míṣọ́n ní Lassa, ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Nàìjíríà. A fi ọkọ̀ òfurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀, kó àrùn náà, òun pẹ̀lú sì kú. Lily Pinneo, tí ó tọ́jú Charlotte Shaw, dùbúlẹ̀ bákan náà; a gbé e lọ sí New York ní Amẹ́ríkà, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ni wọ́n rí kòkòrò àrùn tuntun náà, a sì fi orúkọ ìlú Lassa pè é. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni a mọ ẹni tí ó ń gbé àrùn náà pamọ́: eku kékeré kan tí ó ní ọmú púpọ̀, tí ó fẹ́ràn láti máa bá ènìyàn gbé nínú ilé.

Àrùn náà kì í pa eku yìí lára. Nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà jáde sí orí oúnjẹ, àwo àti ilẹ̀ ilé wa. Ooru iná a máa pa á, ṣùgbọ́n gààrí tí a fi omi tútù mu kò tún rí iná mọ́. Bí ó bá wọ ara ènìyàn, ó lè tó ọjọ́ 6 títí dé ọjọ́ 21 kí ó tó farahàn. A ó rò pé ibà lásán ni, pẹ̀lú orí fífọ́, àárẹ̀ àti ọ̀nà ọ̀fun tí ń dunni. Nínú ènìyàn 10, nǹkan bí 8 kì í mọ̀ ọ́n lára púpọ̀; ṣùgbọ́n ó le fún àwọn ìyókù, pàápàá fún aboyún. Nítorí náà, bí ibà kò bá gbọ́ oògùn ibà ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí a má ṣe jókòó sí ilé. Kí a lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Dókítà George Green dé ní ọdún 1907, tí ó ti di ti Yunifásítì Bowen. Oògùn wà fún ẹni tí ó bá tètè dé.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí eku fi ọ̀fọ̀ ṣe wá. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn kòkòrò amùjẹ̀ ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láyé àwọn bàbá wa, wolé-wolé a máa yẹ àmù àti ẹ̀yìnkùlé wò, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa gbálẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa máa gbálẹ̀ nítorí ìfẹ́.

Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ń pe èkúté wọlé, ọwọ́ wa sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà.

Èkínní ni oúnjẹ. Kí a kó gààrí, elùbọ́ àti ẹ̀wà sínú garawa tàbí ike tí ó ní ìdérí líle, nítorí pé eyín eku a máa já àpò. Gbodo tí a sá sí ìta, kí a kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí àwo tí a fi jẹun alẹ́ má ṣe sùn láìfọ̀. Gààrí tí eku bá ti yàgbẹ́ sí, kí a dà á nù. Ó dunni, ṣùgbọ́n owó kóńgò kan kò tó owó ìsìnkú.

Èkejì ni ihò. Kí baálé fi sìmẹ́ǹtì di gbogbo ihò ara ògiri, kí ó sì wo abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí páànù ti pàdé ògiri. Ihò tí kò ju àtàǹpàkò lọ tó èkúté í wọlé.

Ẹ̀kẹta ni pàǹtí. Àkìtàn ẹ̀yìnkùlé ni abà oúnjẹ èkúté. Èèpo iṣu, ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Eérú àti ewé, ẹ dà wọ́n sínú kòtò kí wọ́n lè di ilẹ̀dú fún oko. Ìyókù, kí ó wà nínú agolo tí a dé lórí, títí a ó fi gbé e lọ sí ibi tí ìjọba yàn. Ẹ má ṣe sun ọ̀rá láàárín ilé, nítorí pé èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì ṣe da pàǹtí sí gọ́tà tàbí odò. Ìdọ̀tí tí a dà sínú odò Ògùnpa ní Ìbàdàn wà lára ohun tí ó dí i lọ́nà, tí omi fi ya wọ ìlú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ẹnìkan lè wí pé, “Ṣé bí oògùn eku wà ní ọjà?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Ṣùgbọ́n bí a bá pa èkúté mẹ́wàá, tí oúnjẹ àti ihò ṣì wà, mẹ́wàá mìíràn yóò wọlé. Oògùn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín èkúté àti ọmọ ọwọ́. Ọ̀tápíápíá tí a rọ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ti ṣe ìpalára fún ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi oògùn kòkòrò pa kòkòrò ara ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ! Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré dichlorvos ní ọjà gbangba. Tàkúté sàn ju májèlé lọ. Èkúté tí tàkúté bá pa, kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán mú un, kí àwọn ọmọdé má sì ṣe sun ún jẹ. Ìgbẹ́ eku tí ó ti gbẹ, kí a kọ́kọ́ wọ́n omi bílíìṣì sí i kí a tó nù ún, kí eruku rẹ̀ má baà fẹ́ sí wa ní imú.

Nínú òfin Mósè, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n máa bo ẹ̀gbin wọn mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ibùdó. Ìtọ́jú ilé kì í ṣe ti ara wa nìkan, nítorí pé èkúté kò mọ ọgbà: èyí tí a bọ́ ní ilé wa lè bímọ sí ilé aládùúgbò. Charlotte Shaw fi ẹ̀mí rẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wa kò tó bẹ́ẹ̀: kí a dé oúnjẹ, kí a dí ihò, kí a sì kó pàǹtí sí ibi tí ó yẹ. Ní alẹ́ òní, kí a tó kúnlẹ̀ gbàdúrà, kí baálé tàbí ìyáálé gbé fìtílà, kí ó wo ìdí àpò gààrí. Kí Olúwa máa ṣọ́ ilé wa, kí àwa pẹ̀lú sì máa ṣọ́ ọ.