Gbọ̀ngàn Tí Ajá Kò Bá Wọn Kọ́

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nídìí ìwé kíkọ. Ní ọdún 1972 ni a tẹ How the Leopard Got His Claws jáde ní Enugu, ìwé tí Chinua Achebe àti John Iroaganachi jọ kọ fún àwọn ọmọ wa. Iroaganachi ni ó kọ́kọ́ mú ìtàn bí ajá ṣe di ẹran ilé wá sí ilé ìtẹ̀wé tí Achebe àti akéwì Christopher Okigbo dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Achebe yí ìtàn náà padà: ajá di ọ̀dàlẹ̀, ẹkùn di olórí ìtàn. Ogun abẹ́lé pa Okigbo ní ọdún náà gan-an, ó sì wó ilé ìtẹ̀wé náà. Ṣùgbọ́n ìtàn náà yè, ewì arò tí Okigbo kọ fún àgbọ̀nrín sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ kókó rẹ̀. Ẹkùn jẹ́ ọba onínúure tí kò ní èékánná. Àwọn ẹranko fi ọ̀wẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn kan. Ajá ní ihò òun tó òun, kò bá wọn ṣe é. Nígbà tí omi òjò lé e jáde nínú ihò, ó wá fi eyín gba gbọ̀ngàn náà mọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹkùn ké pe ará ìlú pé kí wọ́n jọ lé e. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n fi ajá jọba. Ẹkùn gba eyín irin àti èékánná idẹ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ó gba ohùn lọ́dọ̀ àrá, ó padà wá ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n kò dárí jì wọ́n. Ó ní kí wọ́n tú gbọ̀ngàn náà palẹ̀, ó sì sọ wọ́n di ẹran ìjẹ. Ajá sá tọ ọdẹ lọ, ó di ìránṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Abereke àti ní gbogbo etí omi Ìlàjẹ, ẹ ka ìwé yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ọmọ tí ó mọ̀ bí òkun ti gbé ilé àti ilẹ̀ lọ ní Ayétòrò kò nílò àlàyé lórí omi tí ń lé ni kúrò nílé. Òun ni yóò tètè mọ̀ pé ẹ̀bi ajá kì í ṣe pé ó wá ibi sá sí. Bí ó bá wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ta ni ìbá lé e? Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó lé àwọn tí ó ṣe ọ̀wẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fetí sílẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní fẹ́ pe ara rẹ̀ ní ẹkùn, kí ó pe alátakò rẹ̀ ní ajá. Kí ó rántí pé ẹkùn tí ó fi ìbínú gba ìtẹ́ kò ní gbọ̀ngàn mọ́, kò sì ní ọ̀rẹ́.

Ẹ bi àwọn ọmọ pé: ọjọ́ wo ni gbọ̀ngàn náà bàjẹ́? Ní tiwa, kì í ṣe ọjọ́ tí ajá wọlé, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ẹkùn padà dé. Ọjọ́ tí ẹkùn ké tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn ni.