4,294,967,297: Iye tí ó Tan Ọlọ́gbọ́n Jẹ

Iye kan ṣoṣo ni a mú wá síwájú yín lónìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kéré.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àwọn iye kan ń bẹ tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù, àyàfi 1 àti àwọn tìkára wọn. Irú wọn ni 3, 5, 7 àti 11. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní iye aláìṣeépín.

Ní ọdún 1640, Pierre de Fermat, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, kíyèsí ohun kan. Fi 1 kún 2, ó di 3. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. Fi 1 kún un, ó di 5. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16; fi 1 kún un, ó di 17. Ní ọ̀nà kan náà ni a ó rí 257 àti 65,537. Aláìṣeépín ni márààrún. Nítorí náà Fermat gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tí ó tẹ̀lé wọn yóò rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò ní ẹ̀rí rẹ̀.

Iye wa yìí ni ẹ̀kẹfà wọn. Ní ọdún 1732, Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ẹni ọdún 25, fi hàn pé 641 pín in láìṣẹ́kù. Ẹ mú síléètì yín:

6,700,417 lọ́nà 600 jẹ́ 4,020,250,200
6,700,417 lọ́nà 40 jẹ́ 268,016,680
6,700,417 lọ́nà 1 jẹ́ 6,700,417
Àpapọ̀ wọn jẹ́ 4,294,967,297

Kì í ṣe oríire lásán. Euler fi hàn pé iye aláìṣeépín tí yóò bá pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 64 tí a fi 1 kún. Nítorí náà, 193, 257, 449 àti 577 nìkan ni a ó dán wò kí a tó kan 641. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèǹgbè.

Títí di òní, a ti mọ̀ pé láti ẹ̀kẹfà dé ìkẹtàlélọ́gbọ̀n nínú àwọn iye wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí kò ṣeé pín. Kò sì tíì sí ẹni tí ó rí aláìṣeépín mìíràn lẹ́yìn márùn-ún àkọ́kọ́.

Àwa pẹ̀lú ti ṣubú sínú ọ̀fìn kan náà. Nígbà tí a lọ fi ìkọ́ni dánra wò, a kọ 91 sára pátákó pé aláìṣeépín ni, nítorí pé 2, 3 àti 5 kò pín in. Ọmọ kékeré kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, 7 lọ́nà 13 ni.” Ojú tì wá púpọ̀, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ kan bá bi yín pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí nígbà gbogbo?” ẹ má ṣe bá a wí. Ìbéèrè tí Fermat kò rí ìdáhùn sí ni ó bi yín.