Lẹ́yìn Aṣọ Àrán ní Burlington House

Ẹ̀bá títì Piccadilly ní Lọ́ńdọ̀nù ni Burlington House wà. Ibẹ̀ ni Geological Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1807, fi ṣe ilé. Ẹni tó bá dé ìdí àtẹ̀gùn, aṣọ àrán búlúù ni yóò rí lára ògiri. Tí kò bá béèrè, ó lè rò pé fèrèsé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ náà dí, torí àwọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kùn sórí pépà láti igba ọdún sẹ́yìn kì í pẹ́ ṣá.

Wọ́n fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì gbójú sókè. Máàpù kan ló wà níbẹ̀: ó ga tó mítà 2.6, ó sì fẹ̀ tó mítà 1.8, pépà 15 ni wọ́n tò pọ̀ di ọ̀kan. William Smith ló yà á, ọdún 1815 ló jáde. Gbogbo England àti Wales, pẹ̀lú apá kan Scotland, ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ọba tàbí ti ìlú, bí kò ṣe ti ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Mo súnmọ́ ọn. Ìpele àpáta kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀: ibi tí ẹfun wà rí bí ewéko, ibi tí èédú wà ṣókùnkùn. Àmọ́ ọgbọ́n tó dá mi dúró ni pé ìdí ìpele kọ̀ọ̀kan ni àwọ̀ rẹ̀ ti ki jù. Bó ṣe ń kúrò níbẹ̀ ló ń fẹ́lẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá á rí èyí tó gun orí èkejì. Nísàlẹ̀, ó tún ya ilẹ̀ náà bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e láti òkè Snowdon títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Smith fúnra rẹ̀ máa ń fi àwọn ìpele náà wé búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà sí, tí wọ́n wá tò léra.

Ta ló kọ́ ọ? Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ará abúlé Churchill ní Oxfordshire, kò sì lọ yunifásítì kankan. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ojú omi tí ọkọ̀ yóò máa fi kó èédú ní Somerset, ó kíyè sí i pé ìkarahun àti ẹ̀dá àtijọ́ tó ti di òkúta kì í wà káàkiri bákan náà. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ìkarahun wá di àmì tó fi ń dá ìpele mọ̀ níbikíbi tó bá dé.

Aṣọ kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Máàpù George Greenough, ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yìí gan-an, ló wà níbẹ̀. Ọdún 1820 ló jáde, ó sì ba ọjà Smith jẹ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Èmi ò sọ pé èké ni ti Greenough o; iṣẹ́ gidi ni, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kó ìmọ̀ púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó wo iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, kò sì dárúkọ olúwa rẹ̀. Ká má sì parọ́, Smith náà ò mọ owó ṣọ́: iṣẹ́ òkúta tó dáwọ́ lé nítòsí Bath forí ṣánpọ́n. Ó ta àwọn òkúta tó kó jọ fún ìjọba ní £700, gbèsè ò tán. Lọ́dún 1819, ó wọ ẹ̀wọ̀n onígbèsè.

Ọdún 1831 ni ẹgbẹ́ yìí fún un ní àmì ẹ̀yẹ Wollaston, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbà rí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún máàpù Greenough tẹ̀ lọ́dún 1865, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé orí ti Smith ni wọ́n gbé e kà. Greenough ti kú lọ́dún mẹ́wàá ṣáájú.

Lọ́dún 2014, wọ́n tún bá ẹ̀dà mìíràn nínú àpò awọ láàárín ẹrù ẹgbẹ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí Smith kọ́kọ́ tẹ̀. Inú àpò ló ti wà, oòrùn ò rí i, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì mú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ̀wé sí ilé ìkàwé wọn kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n fa aṣọ méjèèjì.